Oòrùn Tí A Kò Wọ̀n

Ní Alajue ní ìlú Ẹdẹ, bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, tí awọ ara rẹ̀ sì rí bí ọsàn tó ń pọ́n lórí igi, àwọn àgbà inú ilé kì í pẹ́ sọ ohun tó kàn: ẹ gbé e sí oòrùn àárọ̀. Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe ti Alajue nìkan. Láti Èkó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ìyá ti ń gbà á, àwọn nọ́ọ̀sì kan pàápàá sì ń fi ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú wọn. Àwọn dókítà kan ń bú u pé àṣà aláìmọ̀kan ni. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ló jàre díẹ̀, ìhà méjèèjì ló sì fi ibi tó ṣe kókó sílẹ̀. Oòrùn ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ tí ibà pọ́njú mú, iṣẹ́ náà sì ní àlàyé tó yè kooro nínú ìmọ̀ kẹ́místírì. Ohun tí kò sí ní àgbàlá wa ni ìwọ̀n. A kò mọ iye tó ń bọ́ sára ọmọ, a kò ya èyí tó ń wò ó sàn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń jó o. Àìwọ̀n yẹn ni mo fẹ́ bá ìjọba Ọ̀ṣun àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ẹdẹ sọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju ti ọmọ tuntun lọ. Ó kan awò ojú wa, ó kan aṣọ wa, ó sì kan ẹ̀ka ìmọ̀ kan tí ayé ń sáré lé lọ́wọ́lọ́wọ́, èyí tí oòrùn jẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀, tí a sì jókòó sábẹ́ irinṣẹ́ náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ara ọmọ náà. Ẹ̀jẹ̀ pupa ń gbó, ó ń fọ́, tuntun ń rọ́pò rẹ̀; nínú àfọ́kù rẹ̀ ni ara ti ń rí ohun aláwọ̀ ìyeyè kan tí wọ́n ń pè ní bilirúbìn. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà a máa sọ ọ́ di ohun tó lè yòrò nínú omi, a sì bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kò tíì mọ iṣẹ́ yẹn ṣe dáadáa. Ìdí nìyí tí nǹkan bí 60 nínú 100 ọmọ tí oṣù wọn pé fi ń pọ́n lójú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó sì tó 80 nínú 100 àwọn tí oṣù wọn kò pé. Bilirúbìn kò bá omi ṣe ọ̀rẹ́, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí ó ṣe dúró: ó ní apá méjì tí omi ì bá dì mú, ṣùgbọ́n ó ká méjèèjì mọ́ àyà, bí ẹni tí ọyẹ́ mú ṣe ń ká apá mọ́ra lábẹ́ aṣọ. Omi kò ríbi dì í mú. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè wọ inú ọpọlọ lọ, ibẹ̀ ni ó sì ti ń dá ewu sílẹ̀: etí tí kò gbọ́rọ̀, ọrùn tí kò dúró, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ràn sí olówó wọn lẹ́nu títí ayé.

Ṣùgbọ́n bí ìtànṣán tó bá a mu bá bà á, ìdè kan láàárín rẹ̀ a yí, bí ìlẹ̀kùn ṣe ń yí lójú ààsẹ̀. Apá kan rẹ̀ kọjú sí òdì, kò lè ká a mọ́ àyà mọ́, omi sì rí i dì mú. Ó gba inú òróòro jáde láìdúró kí ẹ̀dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà. Ẹ kíyè sí i pé a kò fi oògùn kan kún un, a kò sì yọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀. Átọ́mù kan náà ni, iye kan náà ni. Ìdúró wọn nìkan ló yí padà, ìwà rẹ̀ sì yí tẹ̀lé e. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní súìṣì, nítorí ó ń ṣe bí èyí tí a fi ń tan iná ilé: ìdúró méjì ló ní, ohun kan láti òde ló sì ń tì í láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ìtànṣán ni ìka tó ń tẹ èyí tí à ń sọ yìí. Ó sì ti wà lára gbogbo wa tipẹ́. Nínú ẹyinjú, ohun kan tí ara ń ti inú fítámìn A ṣe ló ń yí láti wíwọ́ bọ́ sí títọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ibẹ̀ ni ìríran sì ti bẹ̀rẹ̀. George Wald gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí rẹ̀, ní 1967. Epo pupa tí à ń sè, nínú rẹ̀ ni ara ti lè rí ohun tí ó fi ń ṣe fítámìn yẹn.

Ìtànṣán wo ló wá ń yí bilirúbìn? Àwọ̀ ọmọ náà ti dáhùn. Ohun tó bá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ìtànṣán aláwọ̀ aró ló ń gbé mì, ìyókù tó dá padà sí wa lójú la fi ń rí i bí ìyeyè. Aró yẹn gan-an ló ń wo ọmọ sàn. Oòrùn gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò dá gbé e wá. Ó kó ìtànṣán tí ojú kò rí, èyí tó ń jó awọ ara, lọ́wọ́ kan. Ó kó ooru tó ń gbẹ omi ara ọmọ lọ́wọ́ kejì. Oòrùn lásán dà bí àgbo tí wọ́n ti ewé rere àti ewé olóró sínú rẹ̀ sè pọ̀. Ẹni tó ní kí ọmọ mu ún kò purọ́ pé oògùn wà nínú rẹ̀, ẹni tó ní kí ọmọ má mu ún kò sì purọ́ pé ewu wà níbẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tí ìwé gbà sílẹ̀ kì í ṣe dókítà. Nọ́ọ̀sì ni, Sister Jean Ward, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ní ilé ìwòsàn Rochford ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbà pé afẹ́fẹ́ àti oòrùn ń ṣe ọmọ lóore, ó sì máa ń gbé wọn síta. Ní 1956, ó ṣí aṣọ lára ọmọ kan fún àwọn dókítà wò: ara ọmọ náà ti mọ́, àfi ibi onígun mẹ́ta kan tí aṣọ bò, tó ṣì pọ́n bí ìyeyè. Kò pẹ́ sí i, wọ́n fi ìgò ẹ̀jẹ̀ kan sílẹ̀ lójú fèrèsé nínú oòrùn, nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, bilirúbìn inú rẹ̀ ti wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà Cremer ti ilé ìwòsàn náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi mọ sórí ìyanu. Wọ́n wá èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn àwọ̀ oòrùn, wọ́n rí i pé aró ni, wọ́n kan ibùsùn tí iná aláwọ̀ aró wà lókè rẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 1958. Ohun tí Sister Ward rí ní àgbàlá Rochford kò yàtọ̀ sí èyí tí ìyá àgbà lè rí ní àgbàlá Alajue. Ní Rochford, ẹnì kan mú ìwọ̀n wá síbẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ. Tiwa ṣì wà ní àgbàlá.

Ó gba ọdún tó ju àádọ́ta lọ kí ẹnì kan tó dá ìbéèrè náà padà sábẹ́ oòrùn, ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sì ti dá a padà. Tina Slusher, dókítà ọmọdé láti Amẹ́ríkà, Bolajoko Olusanya tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, àti Hendrik Vreman ti Yunifásítì Stanford, pẹ̀lú àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́, ta àtíbàbà ní Èkó fún àwọn ọmọ tí ibà pọ́njú mú. Wọ́n fi ọ̀rá tíńtì, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, bo àtíbàbà náà, kí ó lè di ìtànṣán tó ń jó ara àti ọ̀pọ̀ ooru lọ́nà, kí aró sì kọjá. Wọ́n ní ọ̀rá ọjọ́ tí oòrùn le àti ọ̀rá ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Ìyá jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, wọ́n ń wọn ooru ara ọmọ, wọ́n ń wọn ìtànṣán. Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2015, ọmọ 447 ni wọ́n ti pín sí ọ̀nà méjì, àwọn kan sábẹ́ oòrùn tí a sẹ́, àwọn kan sábẹ́ iná ilé ìwòsàn. Oòrùn tí a sẹ́ ṣiṣẹ́ ní 93 nínú 100 ọjọ́ ìtọ́jú, iná ṣiṣẹ́ ní 90. Wọn kò fi ibi tó kù díẹ̀ káàtó pamọ́: ooru ara kọjá 38 lára 5 nínú 100 àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ oòrùn, ó sì jẹ́ 1 nínú 100 lábẹ́ iná, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan tí wọ́n ní láti yọ kúrò nítorí ewu, kò sì sí èyí tí wọ́n ní láti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní 2018, iṣẹ́ mìíràn láti Ògbómọ̀ṣọ́ jáde, lórí àwọn ọmọ tí tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n fi oòrùn tí a sẹ́ wé iná tó lágbára. Oòrùn náà kò rẹ̀yìn.

Ònkà kan wà nínú iṣẹ́ Èkó yẹn tó yẹ kó gba oorun lójú àwọn tó ń ṣàkóso ìlera wa. Wọ́n wọn agbára ìtànṣán tó ń bọ́ sára ọmọ: lábẹ́ oòrùn tí a sẹ́, ó jẹ́ 40, lábẹ́ iná ilé ìwòsàn, 17. Ẹni tó bá sọ pé iná mànàmáná ni ìṣòro wa, pé bí iná bá dúró ire gbogbo ó dé, kí ó tún ònkà yẹn wò. Iná ń tàn nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n! Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2013, tí wọ́n fi yẹ àwọn ẹ̀rọ iná ibà pọ́njú wò ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá káàkiri Nàìjíríà, rí i pé nǹkan bí 6 péré nínú 100 ẹ̀rọ ló dé 10 lórí òṣùwọ̀n kan náà, kò sì sí ọ̀kan tó dé 30 tí à ń béèrè fún ìtọ́jú tó lágbára. Gílóòbù ti gbó, wọ́n gbé iná jìnnà sí ọmọ, eruku bò ó. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù, tí wọ́n sì sún iná mọ́ ọmọ, ìwọ̀n náà gòkè. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín iná tó ń wo ọmọ sàn àti iná tó kàn ń tàn. Ìyá ń sanwó, nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ òru, ọmọ sì ń sùn sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí kò lágbára tó láti yí ìdè kan ṣoṣo tó yẹ kó yí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ka èyí, yóò sì sọ pé àwọn àgbà ti jàre nìyẹn, ẹ gbé ọmọ síta. Rárá o. Oòrùn àárọ̀ lójú fèrèsé kò sẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀ kò sì tó ìtọ́jú. Ewu tó burú jù nínú àṣà náà ni ọjọ́ méjì mẹ́ta tí ó ń jẹ mọ́ ìyá lọ́wọ́ kí ó tó gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn. Láàárín àwọn Yorùbá, ó lé ní ọkùnrin kan nínú márùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní tó nínú ohun kan tí wọ́n ń pè ní G6PD, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Ẹ fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wìì, bilirúbìn yóò gòkè ní ọ̀sán kan, oòrùn àgbàlá kò sì ní lè bá a sáré. Nítorí náà, ẹ yọ káńfọ̀ kúrò nínú àpótí aṣọ ọmọ, bí ojú rẹ̀ bá sì pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹjọ́ tí mo ń rò ni pé ilé ìwòsàn tí ẹ gbé e dé gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi wọn ìtànṣán, ì báà ṣe ti gílóòbù, ì báà ṣe ti ọ̀run.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ ọmọ ká lọ sọ́dọ̀ oníawò. Awò kan wà tí àwọn tó ń tà á ń pè ní fóòtò: nínú ilé ó funfun, bí o bá bọ́ síta ó dúdú. Súìṣì kan náà ni. Nínú awò oníike, àwọn mólékù kan wà tí òrùka ara wọn ń ṣí bí ìtànṣán tí ojú kò rí bá kàn wọ́n. Èyí tó ṣí ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ohun tó ń pa á dé padà ni ooru. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ní ìlú tí yìnyín ń bọ́, oòrùn ń ṣí i, òtútù kò jẹ́ kó tètè padé, awò sì dúdú kirikiri. Ní Ẹdẹ ní ọ̀sán oṣù Kẹta, oòrùn ń ṣí i, ooru ń pa á dé, awò kan náà kò sì ní dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ooru 23 ni òṣùwọ̀n àgbáyé fi ń dán an wò kí wọ́n tó kọ ọ́ sára páálí pé báyìí ni yóò ṣe dúdú tó. Ọ̀sán wa a sì máa kọjá 33. Awakọ̀ tó rà á nítorí oòrùn ojú títì tún ń jìyà mìíràn, nítorí gíláàsì iwájú mọ́tò ti dí ìtànṣán tó yẹ kó ṣí i lọ́nà. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ ní ti gidi. Ohun tí a ṣe fún oòrùn ẹlòmíràn ló rà, kò sì sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n lábẹ́ tiwa. Àjọ SON, tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà, ń wo ọ̀pá irin àti wáyà iná. Mo rò pé ó yẹ kí ẹnì kan máa wo ohun tí ooru wa ń ṣe sí irú ọjà báyìí pẹ̀lú.

Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìyí, kí ó yíjú sí ìkòkò aró. Ẹdẹ kò jìnnà sí Òṣogbo tí à ń kì ní ìlú aró, ọwọ́ àwọn obìnrin agbègbè yìí sì ti mọ elú, eérú àti aró láti ìgbà tí ọjọ́ ti pẹ́. Gbogbo aláró ló mọ̀ pé aṣọ kì í jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ aró. Ó ń jáde bí ewé tó ń rọ, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Ìyẹn náà jẹ́ súìṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ńkọ́? Mólékù aró ní ìdè láàárín rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ì bá yí, bó ṣe yí ti bilirúbìn, kò sì yí. Bí ìtànṣán ṣe ń bọ́ sí i lára, háídírójìn kékeré kan fò láti ibì kan sí ibì kejì lára mólékù náà, agbára ìtànṣán sì di ooru díẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú. Agídí yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àdìrẹ lè pẹ́ lójú oòrùn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yọ háídírójìn yẹn, tí wọ́n fi ohun mìíràn dípò rẹ̀, aró bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìtànṣán pupa ló sì ń yí i, èyí tó ń wọ inú ẹran ara jìnnà ju aró lọ. Èyí tí wọ́n fi sọ́fọ̀ rọ́pò náítírójìn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tàíóíńdígò, ń yí bákan náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí ní Yúróòpù ń fi àwọn ọmọ aró wọ̀nyí wá súìṣì tí a lè tẹ̀ nínú ara láìgé ara.

Mo ní kí ẹ rántí bí aró ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa nígbà àkọ́kọ́. Adolf von Baeyer ní Jámánì sọ bí mólékù aró ṣe tò ní 1883. Ilé-iṣẹ́ BASF gbé aró àtọwọ́dá jáde fún títà ní 1897. Baeyer gba ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Ní àwọn ọdún 1930, aró inú agolo àti kọ́síkì sódà di àríyànjiyàn líle láàárín àwọn aláàdìrẹ ní Abẹ́òkúta, débi pé ọ̀rọ̀ náà dé ààfin. Àwọn ìyá wa mọ aró ju ẹnikẹ́ni láyé lọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní imú, wọ́n mọ̀ ọ́n lórí ahọ́n, wọ́n mọ ọjọ́ tí ìkòkò kò jí. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló fi í sórí òṣùwọ̀n, ọwọ́ ẹni tó ní òṣùwọ̀n ni owó sì gbà. N kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo kàn rí i pé oòrùn ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà.

Àwọn ohun mìíràn tí wọ́n ń fi súìṣì yìí ṣe pọ̀, n kò sì gbà pé gbogbo wọn ló kàn wá bákan náà. Ọdún 1937 ni G. S. Hartley fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ń ká mólékù asobẹ́ńsíìnì, èyí tí ìdè náítírójìn méjì wà láàárín rẹ̀, irú ìdè tó wà nínú ọ̀pọ̀ àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa ankara láró. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé orí ọ̀rá tó ń rọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, àti oògùn tí kì í ṣiṣẹ́ àfi níbi tí a bá tan iná sí. Ben Feringa láti Netherlands kọ́ mọ́tò mólékù tí ìmọ́lẹ̀ ń yí ní 1999, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tó pín ẹ̀bùn Nobel ní 2016. Ìwọ̀nyí dára láti gbọ́. Mo sì rò pé ọjọ́ ṣì jìn kí mọ́tò bẹ́ẹ̀ tó gbé ẹrù kan dé Alajue. Èyí tó wù mí jù ni iṣẹ́ Kasper Moth-Poulsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gothenburg ní Sweden: omi kan tí oòrùn ń yí mólékù inú rẹ̀ padà, tí agbára oòrùn sì há sínú ìdúró tuntun náà, tí a lè gbé pamọ́ fún ọdún gbọọrọ, kí a tó tú u sílẹ̀ bí ooru. Sólà orí òrùlé ń sọ oòrùn di iná, iná sì ń fẹ́ bátìrì. Èyí ń pa oòrùn mọ́ láìní bátìrì. Àwọn ará Sweden, tí oòrùn wọn ń sá lọ fún oṣù gbọọrọ lọ́dún, ló ń ronú bí wọn yóò ṣe fi í sínú ìgò!

Wọ́n lè bi mí pé ṣé ìlú tí àwọn tíṣà ti ń dúró de owó oṣù ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀ mólékù tó ń yí. Ìbéèrè náà tọ́, n kò sì ní fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ohun tí mo ń béèrè kò tó iye ọkọ̀ ìjọba kan. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìtànṣán aláwọ̀ aró kò ju ohun tí a lè fi ọwọ́ kan gbé. Ọ̀rá tíńtì, igi àtíbàbà àti gílóòbù tuntun kì í ṣe ohun tí à ń lọ yáwó lé lórí ní òkèèrè. Wọ́n tún lè sọ pé oòrùn kì í ran lálẹ́, pé òjò ń ṣú fún ọ̀sẹ̀ gbáko, pé ọyẹ́ ń fi eruku bo ojú ọ̀run. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ní kí a sọ gílóòbù nù. Ní Èkó gan-an, iná wà nílẹ̀ fún ọjọ́ tí oòrùn kò bá yọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo àtakò yẹn, ìbéèrè ìwọ̀n ni. Èló ni ọyẹ́ ń yọ kúrò? Wákàtí mélòó ló ń tó nínú oṣù Kẹjọ? Ẹni tó ń fi òjò takò mí ti gbà pé a nílò ohun tí mo ń béèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ti Ẹdẹ jáde. Ìlú tí à ń kì mọ́ Tìmì Àgbàlé, ọlọ́fà iná, ti ta ọfà kan tí gbogbo ayé rí láìpẹ́ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ACEGID ní Redeemer's University, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, wà lára àwọn tó ka àbùdá kòrónà tí wọ́n rí ní Nàìjíríà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Wọ́n ṣe é nítorí pé ẹ̀rọ wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dé, pẹ̀lú ìrànwọ́ Báńkì Àgbáyé láti ọdún mélòó kan ṣáájú. Ìlú kan náà ní Federal Polytechnic, ó ní Adeleke University, wọ́n sì ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Ohun tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ kò le. Kí ẹ̀ka kẹ́místírì ọ̀kan nínú wọn gba awò fóòtò tó wà lọ́jà wọlé, kí ó wọn bó ṣe ń dúdú ní 25, ní 30, ní 35. Kí òmíràn ti inú elú ilẹ̀ yìí yọ aró, kí ó fi òye tuntun nípa bí aró ṣe ń yí ṣiṣẹ́ lé e lórí, kí àwọn aláró sì wà níbẹ̀ bí olùkọ́. Kí ìjọba Ọ̀ṣun pàṣẹ pé kò sí ẹ̀rọ iná ibà pọ́njú tí yóò lo oṣù mẹ́ta ní ilé ìwòsàn ìjọba láìjẹ́ pé a wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n náà mọ́ ara ẹ̀rọ níbi tí ìyá ọmọ yóò ti rí i.

Níbi tí àtíbàbà bá sì wà, iṣẹ́ kò tán lọ́jọ́ tí a ta á, nítorí ọ̀rá tíńtì náà ń gbó lójú oòrùn tó ń sẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa wọn ohun tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹni náà kò ní láti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tí òjò ṣú nínú oṣù Kẹjọ, èló ni ìtànṣán aláwọ̀ aró tó ń bọ́ sílẹ̀ ní Alajue? Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n, bírò àti ìwé kékeré kan, tó bá ń jáde sí àgbàlá kan náà ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, yóò ti rí ìdáhùn kí ọdún tó yí po.